Wákàtí Yìnyín: Àkọsílẹ̀ Bí Họ́kì Àwọn Obìnrin Ṣe Dàgbà ní Ladakh

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2025, ikọ̀ àwọn obìnrin Íńdíà gba àmì ẹ̀yẹ bàbà nínú ìdíje Ife Éṣíà ti họ́kì orí yìnyín tó wáyé ní Al Ain, ní orílẹ̀-èdè UAE. Ẹni tó bá gbọ́ Íńdíà pọ̀ mọ́ yìnyín lè rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti ṣì í sọ. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin tó wọ aṣọ Íńdíà lọ́jọ́ náà kì í ṣe ará Mumbai tàbí Chennai, níbi tí oòrùn ti ń ta gan-gan. Ladakh ni ilé wọn, lókè lọ́hùn-ún ní àríwá, níbi tí omi ti ń dì gbagidi fún nǹkan bí oṣù méjì lọ́dọọdún.

Ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ìgbà náà, ikọ̀ yìí lọ sí Taipei fún ìdíje òkèèrè àkọ́kọ́ rẹ̀. Kò borí ẹnì kankan níbẹ̀.

Àwọn tó ń ròyìn ohun tó wà láàárín Taipei àti Al Ain sábà máa ń sọ ti ìgboyà àti ti àìrówó. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ohun tó ti ń dá eré àwọn obìnrin dúró ní Ladakh láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iye wákàtí tí ọmọbìnrin kan lè fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín lọ́dún. Bàtà, owó àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀yìn wákàtí ni gbogbo wọn tò sí.

Adágún àgbẹ̀ tó di pápá

Leh, ìlú tó tóbi jù ní Ladakh, ga tó nǹkan bí mítà 3,500 sí ìpele òkun. Ọ́síjìn tí ẹ̀dọ̀fóró ń rí nínú èémí kan níbẹ̀ kò ju bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ará etíkun ń rí lọ. Ní òru oṣù Kìíní, òtútù lè já wálẹ̀ dé ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo. Síbẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni. Òjò àti òjò dídì tó ń rọ̀ ní Leh lọ́dún kò ju nǹkan bí mìlímítà 100 lọ. Ìbàdàn ń gbà ju ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn. Omi tó ń yọ́ láti orí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn làwọn àgbẹ̀ fi ń bomi rin báálì àti ewébẹ̀, nítorí náà abúlé tó bá mọ ohun tó ń ṣe a máa gbẹ́ adágún kékeré tí wọ́n ń pè ní zing, láti fi kó omi jọ lóru, kí wọ́n tú u sóko lówùúrọ̀.

Nígbà òtútù, kò sí oko tí à ń bomi rin. Adágún náà ṣófo. Bí omi díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, yóò dì, pápá họ́kì dé nìyẹn láìná kọ́bọ̀. Ẹ̀bùn ńlá ni, ìdẹkùn sì tún ni, nítorí ohun tí a rí lọ́fẹ̀ẹ́ kì í rọrùn láti ṣètò.

Àwọn ológun ló kọ́kọ́ gbá họ́kì lórí yìnyín Leh, ní nǹkan bí àwọn ọdún 1970. Abẹ irin ni wọ́n dè mọ́ ìdí bàtà ológun nígbà yẹn. Ní 1985 wọ́n dá Ladakh Winter Sports Club sílẹ̀, àjọ họ́kì orí yìnyín Íńdíà sì wọ inú àjọ àgbáyé, IIHF, ní 1989. Ọkùnrin ni gbogbo wọn. Lára ibi tí àwọn ọmọbìnrin ti kọ́kọ́ rí àyè ni ilé ẹ̀kọ́ SECMOL ní abúlé Phey, tó ní pápá yìnyín tirẹ̀ nínú ọgbà. Kókó ibẹ̀ nìyẹn. Pápá tó bá jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ ni yóò sọ ẹni tó máa lò ó. Pápá tó bá jẹ́ ti gbogbo ìlú, ẹni tó lágbára jù ni yóò lò ó. Ní 2015 àwọn obìnrin tó ń gbá eré náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Ladakh Women Ice Hockey Foundation, kí wọ́n lè máa fi ẹnu ara wọn béèrè àyè.

Bí a ṣe ń ṣe yìnyín tó ṣeé gbá eré lórí rẹ̀

Ìwọ̀n pápá tí IIHF fọwọ́ sí gùn ní mítà 60, ó sì fẹ̀ ní mítà 26 sí 30. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kéré jù, 60 sí 26: mítà onígun mẹ́rin 1,560. Èyí túmọ̀ sí pé tí a bá fẹ́ da omi tí kò ga ju mìlímítà kan ṣoṣo sórí rẹ̀, lítà 1,560 la máa lò, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù mẹ́jọ tó ń gba igba lítà. Sẹ̀ǹtímítà kan yóò gba dúrọ́ọ̀mù méjìdínlọ́gọ́rin. Níbi tí páìpù omi ti ń dì lóru, ẹni tó bá ń fi gáráwà pọn ọ́n kò ní gbàgbé òǹkà yìí. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ abúlé fi ń gbà pẹ̀lú ìdajì pápá, tàbí kéré sí i.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí òtútù tó mú dáadáa, ní oṣù Kọkànlá. A óò fa omi adágún wálẹ̀, a óò ṣa òkúta, ewé àti koríko kúrò. Ewé kò dà bí ohun tó léwu, ṣùgbọ́n ohun dúdú ń gba oòrùn mọ́ra: ewé kan tó há sínú yìnyín yóò yọ́ ihò yí ara rẹ̀ ká ní ọ̀sán, ihò náà yóò sì ṣẹ́ ẹnikẹ́ni tí abẹ rẹ̀ bá bọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí a óò jẹ́ kí omi wọlé, kí ó má jìn ju orúnkún lọ. Omi tó jìn ń pẹ́ kó tó dì, ewu rẹ̀ sì pọ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wáyé jù ni ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Bí wọn kò bá dí i pa, yìnyín á dì lókè, omi abẹ́ rẹ̀ á máa jò lọ díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, yìnyín ti rọ̀ sókè láìsí ohun tó gbé e ró. Ẹ óò mọ̀ ọ́n nípa dídún rẹ̀: tí ẹ bá fi ọ̀pá kàn án, á dún bí ìlù tó ṣófo, dípò ìró tó wúwo. Kí ẹnikẹ́ni má gun orí rẹ̀ mọ́. Ẹ lu ihò, ẹ wò bóyá omi ń kàn án nísàlẹ̀. Bí kò bá kàn án, ẹ tú omi wọlé láti ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi kàn án, kí ẹ sì dúró kó dì mọ́ ọn.

Yìnyín tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 lè gba ẹnì kan tó ń yọ̀ lórí rẹ̀. Fún àwọn ènìyàn tó pọ̀ tàbí fún eré, 20 ló yẹ. Ibi márùn-ún, ó kéré tán, la gbọ́dọ̀ lu ihò láti wọ̀n ọ́n, kí ọ̀kan wà nítòsí ibi tí omi ti ń wọlé, torí omi tó ń rìn kì í dì bí èyí tó dúró, ibẹ̀ ló sì máa ń fẹ́lẹ́ jù.

Lẹ́yìn tó bá ti nípọn tó, iṣẹ́ òru ló kù. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn eré ìkẹyìn, a óò fi ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀ kó gbogbo èérún yìnyín kúrò, a óò sì da omi tín-ín-rín sórí rẹ̀, mìlímítà méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Àìnísùúrù ló ń ba èyí jẹ́. Ẹni tó bá da mìlímítà mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, òkè rẹ̀ á kọ́kọ́ dì, omi á há sábẹ́, afẹ́fẹ́ á sì wọlé. Lówùúrọ̀, àwọ̀ yìnyín náà á máa fọ́ bí èèpo ẹyin lábẹ́ bàtà. Ìpele mẹ́ta tó fẹ́lẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti dì kí èkejì tó tẹ̀ lé e, sàn ju ìpele kan tó nípọn lọ fíìfíì. Bí omi gbígbóná bá wà, ó dára ju tútù lọ, torí ó máa ń yọ́ ojú yìnyín àtijọ́ díẹ̀, àtijọ́ àti tuntun á wá di ọ̀kan. Ní Leh, epo tàbí igi tí a óò fi gbé e kaná ló ṣọ̀wọ́n.

Bí yìnyín bá sán, kì í ṣe omi lásán là ń fi dí i. A óò po èérún yìnyín pọ̀ mọ́ omi bí ẹni po ẹ̀kọ, a óò tẹ̀ ẹ́ bọ inú ibi tó sán, a óò fi igi tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, a óò jẹ́ kó dì kí omi alẹ́ tó gùn ún. Ẹni tó bá kàn da omi lásán sínú rẹ̀ yóò rí i pé omi náà ti lọ sísàlẹ̀, ihò ṣì wà níbẹ̀.

Eruku náà wà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, atẹ́gùn sì ń gbé iyanrìn wá láti orí òkè. Iyanrìn orí yìnyín ló ń pa ẹnu abẹ bàtà. Bàtà tí a pọ́n láàárọ̀ lè kú kó tó di ìrọ̀lẹ́, nígbà tó jẹ́ pé nínú ilé yìnyín tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe, pípọ́n kan lè gbé ènìyàn fún ọjọ́ mélòó kan.

Ta ló ni aago mélòó?

Oòrùn Leh le, òtútù tàbí kò sí òtútù. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ títí di mẹ́ta ọ̀sán, ojú yìnyín máa ń rọ̀, abẹ á sì máa gbẹ́ ẹ bí ọkọ́. Nítorí náà ẹ ka aago mẹ́fà sí mẹ́wàá àárọ̀, àti mẹ́rin sí mẹ́jọ alẹ́ níbi tí iná bá wà: wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Ìgbà yìnyín, láti àárín oṣù Kejìlá sí nǹkan bí àárín oṣù Kejì, kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ. Ó bọ́ sí ìgbà ìsinmi òtútù ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn ló dára níbẹ̀.

Àwọn tó ń du wákàtí mẹ́jọ náà nìyí: ikọ̀ ológun, ikọ̀ ọlọ́pàá ẹnubodè, àwọn kíláàbù ọkùnrin, àwọn ọmọdékùnrin, àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń dúró. Kí a sọ pé àwọn ọmọbìnrin rí wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wákàtí 48 nìyẹn lọ́dún. Ilé yìnyín tí ẹ̀rọ ń mú tutù ní ìlú gbígbóná bíi Bangkok kò mọ ìgbà òtútù; ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 48, ti ní 144. Ìlọ́po mẹ́ta. Ará ilẹ̀ gbígbóná ló wá mọ yìnyín ju ará ilẹ̀ tútù lọ.

Wákàtí 48 náà kò sì pé 48. Kí a sọ pé ọmọbìnrin 30 ló wá, wọ́n tò sí ìlà mẹ́ta bí wọ́n ṣe máa ń tò ní ilé ẹ̀kọ́, ẹnì kan ń lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìṣe kan sì ń gba ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni mẹ́wàá ló wà ní ìlà kan, nítorí náà igba ìṣẹ́jú àáyá ń kọjá láti ìgbà tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi tún kàn án. Láàárín wákàtí kan, yóò lọ nígbà méjìdínlógún, yóò sì ti yọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà péré. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta tó kù, ó ń dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dì. Wákàtí 48 ọdún kan ti di wákàtí mẹ́rin ó lé ìṣẹ́jú 48.

Òǹkà yìí ni ẹni tó fẹ́ gbé eré obìnrin dìde níbikíbi ní Éṣíà olótùútù gbọ́dọ̀ fi kọ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, kó tó sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ọgbọ́n eré. Tí wọ́n bá pín 30 sí ibi márùn-ún, ẹni mẹ́fà níbì kan, ìṣẹ́jú mẹ́fà á di mẹ́wàá. Tí wọ́n bá wá dábùú pápá dípò kí wọ́n gbá a lóòró, kí eré kékeré méjì máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́rin sí mẹ́rin, ẹni mẹ́rìndínlógún ló wà lórí yìnyín. Tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan á rí nǹkan bí ìdajì wákàtí. Kò sí owó kankan tí èyí ná ẹnikẹ́ni. Bàtà ńlá méjì tàbí táyà àtijọ́ lè ṣe góòlù.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Wákàtí kò dọ́gba. Èyí tó dára jù ni ti àárọ̀, lẹ́yìn omi òru, nígbà tí ojú yìnyín ń dán bí dígí. Tí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá ti lò ó, ó ti di ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Wákàtí tó ṣẹ́kù ni wọ́n sábà ń fún àwọn ọmọbìnrin, èyí tí yìnyín rẹ̀ ti gbẹ́, tí pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, ń fò bí tata lórí rẹ̀. Wọ́n á wá sọ pé ọwọ́ wọn kò mọ pọ́ọ̀kì mú.

Ẹrù

Ẹni tó máa wọ pápá nílò bàtà alábẹ, ìbò ojúgun àti orúnkún, ṣòkòtò onítìmùtìmù, ìbò ìgúnpá, ìbò èjìká, ìbọ̀wọ́, ìbò ọrùn, akoto tó ní àwọ̀n irin bo gbogbo ojú, àti ọ̀pá. Nínú eré obìnrin, òfin IIHF kò gba kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ara gbá alátakò lulẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn akoto yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́: pọ́ọ̀kì jẹ́ rọ́bà líle tó wúwo tó gíráàmù 156 sí 170, òtútù Leh sì ń sọ ọ́ di òkúta.

Ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń dé Ladakh jẹ́ ìtọrẹ láti Kánádà àti Amẹ́ríkà, tí àgbàlagbà ọkùnrin ti lò. Ìwọ̀n ni ìṣòro. Bàtà alábẹ yẹ kó kéré ju bàtà ìrìn ènìyàn lọ ní ìwọ̀n kan sí ọ̀kan àbọ̀. Ọmọbìnrin tó bá wọ èyí tó tóbi, tó fi ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta dí i, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ̀ sínú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é o, bàtà ni. Ẹ gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ dé iwájú bàtà láìtíì so okùn: tí ìka méjì bá wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ rẹ̀, ó tóbi jù.

Ọ̀pá tún ní ti rẹ̀. Tó bá dúró lórí bàtà alábẹ, ọ̀pá yẹ kó dé àgbọ̀n rẹ̀. Èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n fi ayùn gé e láti òkè. Ẹnu rẹ̀ tún ń tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ìtọrẹ sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Ọmọ tó yẹ kó gbá ti ọ̀tún, tó jẹ́ ti òsì nìkan ló bá nílẹ̀, yóò kọ́ ti òsì, yóò sì gbé e dàgbà.

Abẹ bàtà kì í ṣe pẹrẹsẹ. Kòtò tín-ín-rín kan wà láàárín rẹ̀, tó fi di etí méjì, etí méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ ga bákan náà. Tí ẹ bá ti pọ́n ọn tán, ẹ dá bàtà dé, ẹ gbé owó onírin lé abẹ ní ìdábùú, ẹ wò ó láti ẹ̀yìn. Bí owó náà bá dagun, etí kan ga, ọmọ náà kò ní lè yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Yìnyín tó tutù gidi ń le, ó ń fẹ́ kòtò tó jìn díẹ̀ kí abẹ lè mú un. Ìlú kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ ìpọ́nbàtà kan ṣoṣo tún ti di ìlà mìíràn tí àwọn ọmọbìnrin ń tò sí ẹ̀yìn.

Aṣọ́lé ló jìyà jù. Ẹrù tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ó wọ́n, kì í sì í pọ̀ nínú ìtọrẹ. Níbi tí kò bá sí, àwọn ènìyàn a máa fi ìbò ẹsẹ̀ kírìkẹ́ẹ̀tì dípò, torí Íńdíà kún fún un. Ìyẹn kò ṣe é, ìdí rẹ̀ sì ṣe kedere: aṣọ́lé họ́kì ń kúnlẹ̀, ó ń tẹ́ ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láti dí ilẹ̀. Ìbò kírìkẹ́ẹ̀tì kò ní ìtìmùtìmù ní inú orúnkún, kò fẹ̀, kì í sì í yọ̀ lórí yìnyín. Ó ń dáàbò bo ojúgun, pọ́ọ̀kì á sì máa kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí owó bá tó fún ohun kan ṣoṣo, kí wọ́n fi ra ẹrù aṣọ́lé kan pípé. Láìsí aṣọ́lé, ogún ọmọbìnrin kò lè kọ́ bí a ṣe ń gbá góòlù, torí ẹni tí wọn yóò gbá a sí kò sí.

Taipei àti Bangkok

Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, ikọ̀ Íńdíà wọ pápá nínú ìdíje Challenge Cup ti Éṣíà ní Taipei. Wọ́n bá ohun mẹ́rin pàdé tí adágún kò kọ́ wọn. Èkíní ni ògiri. Ní adágún, òkìtì òjò dídì tàbí pákó kúkúrú ló wà létí, pọ́ọ̀kì tó bá dé ibẹ̀ ti kú. Nínú ilé yìnyín, ògiri ga ju mítà kan lọ, pọ́ọ̀kì tó bá kàn án á padà wá, ẹni tó mọ̀ ọ́n á sì fi ṣe ẹni kejì tó ń gbá a sí. Èkejì ni ìlà. Ọ́fsáìdì ní họ́kì dúró lórí ìlà aláwọ̀ búlúù méjì: ẹni tó ń kọlu góòlù kò gbọdọ̀ ṣáájú pọ́ọ̀kì kọjá ìlà tó wà níwájú góòlù náà. Ẹni tó gbá eré lórí ìdajì pápá tí kò ní ìlà kankan yóò máa gbọ́ fèrè ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀kẹta ni ìyára. Yìnyín tí ẹ̀rọ fọ̀ kò ní gbágungbàgun, pọ́ọ̀kì ń sáré lórí rẹ̀, ó sì máa ń dé ọ̀dọ̀ aṣọ́lé kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ẹ̀kẹrin ni ìpààrọ̀. Ní ilé, ẹni mẹ́wàá lè gbá eré fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó sinmi; níbi tí wọ́n ti mọ eré náà, kò sẹ́ni tó ń dúró kọjá ìṣẹ́jú kan.

Afẹ́fẹ́ nìkan ni wọ́n fi rí èrè. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti mọ Leh kì í tètè rẹ̀ ní ìpele òkun.

Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, ní Bangkok, ní oṣù Kẹta 2017, wọ́n na Philippines ní góòlù 4 sí 3. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n tún borí Malaysia. Kí wọ́n tó lè lọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti tọrọ owó lọ́wọ́ ará ìlú. Noor Jahan, aṣọ́lé wọn, di ẹni tí ìwé ìròyìn Íńdíà mọ̀.

Àwọn àlejò àti àwọn tó dúró

Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, Hayley Wickenheiser, ọmọ Kánádà tó ti gba wúrà Òlíḿpíìkì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, àti Andrew Ference tó gbá eré ní NHL, líìgì họ́kì ńlá ti Àríwá Amẹ́ríkà, wá sí Ladakh pẹ̀lú ẹrù. Lọ́dún yẹn kan náà, ikọ̀ obìnrin Íńdíà lọ sí Calgary fún ìdíje tí Wickenheiser ń ṣe fún àwọn ọmọbìnrin. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní The Hockey Foundation náà ti ń ran àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wá láti òkèèrè ṣáájú ìgbà náà.

Àlejò dára. Ẹrù dé, kámẹ́rà dé, bàbá tó ń kùn pé kí ni ọmọbìnrin ń wá lórí yìnyín rí obìnrin tó fi eré náà jẹun. Ṣùgbọ́n àlejò máa ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, yìnyín á sì kù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ohun tó gbé ikọ̀ náà dé Al Ain, lójú tiwa, ni pé àwọn tó ti gbá eré fún Íńdíà padà sí abúlé láti kọ́ àwọn ọmọ, tí wọ́n sì ṣí adágún mìíràn. Adágún kan ní Leh, wákàtí mẹ́jọ. Adágún márùn-ún ní abúlé márùn-ún, wákàtí ogójì, láìsí ológun tó ń du ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ní Kaza, ní àfonífojì Spiti ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh, ní ibi tó ga tó nǹkan bí mítà 3,700, wọ́n ṣe bákan náà, àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ sì ti wọ ikọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń dí àlàfo wákàtí náà díẹ̀: bàtà onítáyà lórí kọnkéré. Ó ń pa ẹsẹ̀ mọ́, ó ń pa ọwọ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ni ní bí a ṣe ń dúró lójijì. Lórí yìnyín, ènìyàn á yí abẹ méjèèjì dábùú kí ó lè ha ojú yìnyín. Táyà kò ha kọnkéré, ó ń dì mọ́ ọn ni, ẹni tó bá gbìyànjú rẹ̀ á ṣubú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ òtútù la máa ń fi yọ ìwà yẹn kúrò lára.

Owó oṣù náà dé. ITBP, ọlọ́pàá ẹnubodè Íńdíà pẹ̀lú Tibet, ní ikọ̀ obìnrin, èyí tó sọ họ́kì di iṣẹ́ fún àwọn kan tí ìgbéyàwó tàbí àìníṣẹ́ ì bá ti mú kúrò. Khelo India, eré òtútù ìjọba, wá sí Leh ní oṣù Kejì 2024, ó sì ní ti obìnrin. Lọ́dún náà, ilé iṣẹ́ alùpùpù Royal Enfield gbé líìgì dìde tó ní ikọ̀ obìnrin. Ọ̀nà mìíràn tún wà, tí Gúúsù Kòríà gbà: wọ́n gba Sarah Murray láti Amẹ́ríkà ní 2014, wọ́n wá àwọn ọmọ Kòríà tó dàgbà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, kí ikọ̀ lè dúró ní Òlíḿpíìkì 2018. Ikọ̀ dé ibẹ̀. Ìpìlẹ̀ ló kù.

Ohun tó ṣì ń jò

Pápá tí ẹ̀rọ ń mú tutù ti wà ní Leh báyìí, ní pápá ìṣeré NDS. Ó wà ní gbangba, ó ń mú ìgbà eré gùn, kò sọ ọ́ di ọdún gbogbo. Ẹni tó bá ń pariwo pé kí ìjọba kọ́ ilé yìnyín ńlá, kí ó kọ́kọ́ wo Dehradun, ìlú kan ní àríwá Íńdíà. Wọ́n kọ́ ọ̀kan síbẹ̀ fún eré òtútù Gúúsù Éṣíà ní 2011. Lẹ́yìn eré náà, owó iná mànàmáná mú un, wọ́n sì tì í pa fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un ṣe. Kíkọ́ ilé yìnyín ṣòro. Mímú un tutù lójoojúmọ́ ló ṣòro jù.

Nítorí náà, adágún ṣì ni. Tí abúlé kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà òtútù tó ń bọ̀, iṣẹ́ oṣù Kọkànlá kò tíì ní í ṣe pẹ̀lú bàtà tàbí ọ̀pá. Kí wọ́n dí ẹnu omi. Kí wọ́n yan ẹni méjì tí yóò máa da omi lóru, kí wọ́n sì san owó fún wọn, torí ẹni tó bá ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ yóò sùn nígbà tí òtútù bá dé 20. Lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ tábìlì wákàtí sára pákó ńlá, kí wọ́n gbé e dúró létí adágún níbi tí gbogbo ìlú ti ń rí i, kí orúkọ àwọn ọmọbìnrin wà ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbá a. Àwọn ọkùnrin á bínú ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n á ti mọ̀ pé aago méje ló kàn wọ́n.